Òjò Tí Òkédìran Gbójú Lé

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo fi ń rìn kiri búra, ìṣojú mi ló ṣe. Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Odò ti gbẹ, ìrìn wákàtí méjì làwọn obìnrin ń rìn lọ pọn omi. Mo tọrọ omi mu lọ́wọ́ Òkédìran, ó ní òun kò ní omi alárìnkiri. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kún.

Lọ́sàn-án, òjò ṣú dùdù. Òkédìran ká ṣòkòtò sókè, ó ń súfèé.

"Àwẹ̀ró, wá bá mi da omi yìí nù. A kì í po òjò àkọ́rọ̀ mọ́ omi àná."

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọ̀run. "Bàbá Olúfúnmi, a kì í torí òjò tó ṣú da omi àmù nù."

"Mo ti ń wo òjò kí wọ́n tó fi ọ́ fún mi."

Ó dà á nù. Omi náà ṣàn dé ibi tí mo jókòó sí, ó fọ eruku ẹsẹ̀ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò Ẹrẹ́nà a máa ṣú bí ẹni tó fẹ́ jà, kó tó lọ jà níbòmíràn. Ìjì gbé e lọ sí abúlé kejì, oòrùn yọ padà.

Nígbà tó ṣe, òùngbẹ gbẹ Òkédìran. Ó ní kí Àwẹ̀ró lọ pọn omi wá. Àwẹ̀ró jókòó.

"Ẹ lọ mu òjò yín."

Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Àwẹ̀ró ń tún sọ títí mo fi kúrò níbẹ̀: Ẹ lọ mu òjò yín.