Àbẹ́là Tó Ń Tàn Fúnra Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ireland níbí, ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an, tí Kérésìmesì ọdún kan kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Má wo aago, Akínlabí. Mọ́tò tí o wá yá lọ́wọ́ mi wà níta, kò ní sá lọ. Fìdí lé àga kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo. Nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n jà lórí ilé tó fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú sì ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀pá àbẹ́là ìyá wọn, èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó kọjá sí ìlú Ọba. Láti ìgbà náà wọn kò fojú kan ara wọn mọ́.

O ti rí àbẹ́là tí àwọn ará ibí máa ń gbé sójú fèrèsé nígbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn àgbà wọn ní kí Màríà àti Jósẹ́fù má baà kọjá ni, kí àlejò tó wà lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé ilé yìí yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Ìyá àwọn ọkùnrin méjì yìí kò fi í ṣeré rárá. Bó bá ti tan tirẹ̀, yóò jókòó tì í, kò sì ní jáde mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àbúrò wá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Wálé ní Kérésìmesì. N óò gbé àbẹ́là sójú fèrèsé bí Màmá ti máa ń ṣe. Bí o bá ti rí i, kan ilẹ̀kùn. O ò ní láti sọ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "N kò ṣèlérí."

"N kò ṣèlérí" yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀ mọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ a máa rajà, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá àlejò. Ó ra bàtà onírun tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé. Ó ra bísíkíìtì alágolo, agolo lórí agolo, àti ọtí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ra búrẹ́dì bí ẹni pé ogun ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan péré ni ṣọ́ọ̀bù yóò fi tì. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó pè é ní wèrè. Nígbà tí firíìjì kún, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ sínú mọ́tò níta, kí òtútù bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Ó ra àbẹ́là náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí à ń ṣáná sí. Oníbátìrì ni, tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ní èyí kò ní jó aṣọ ojú fèrèsé, kò sì ní gba pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ ọ.

Kérésìmesì wá ku ọ̀la. Ó ṣí firíìjì, ó wò ó, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọbẹ̀ èso pupa ni kò tíì rà, ọbẹ̀ dídùn kan tí wọ́n ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòlótòló, tí ìdajì rẹ̀ máa ń wà nínú ìgò títí di Ọdún Àjíǹde. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Wọn kò sì tíì gba tòlótòló fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ alápatà. Ó ní kí ìyàwó òun lọ tò lọ́dọ̀ alápatà, kí ọmọbìnrin wọn lọ tò níbi tí wọ́n ti ń ta kéèkì, òun yóò wá ọbẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé ńkọ́? Ta ló máa wà nílé?"

Ọkọ ti wọ kóòtù tán. "Iná yẹn á tàn fúnra rẹ̀," ló wí. "A ò ní pẹ́."

Wọ́n pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ kò ní ọbẹ̀ náà, èkejì ti tà á tán, ìgbà tó sì rí i níbòmíràn, èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. O mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń tètè ṣú níbí lásìkò yìí. Òkùnkùn ti kùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Òjò ń rọ̀. Ó rí àbẹ́là lójú fèrèsé láti òkèèrè, inú rẹ̀ dùn, ó sì yára ẹsẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó tún kàn án. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí igi Kérésìmesì tó ń tàn yòò, ó rí tábìlì tí wọ́n ti to àwo sí. Ní ilé ìyá wọn, ibi tí àbẹ́là bá wà, ènìyàn wà níbẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti rí mi. Wọn ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn." Àánú rẹ̀ ń ṣe mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí ọkùnrin wa dé tòun ti ìgò ọbẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pá àbẹ́là ìyá rẹ̀ ni. Ẹnìkan ti nu idẹ rẹ̀ títí ó fi ń dán, omi òjò sì ti kún ihò orí rẹ̀. Ó sáré dé ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó pè, ó pè. Kò gbé e. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jókòó ti oúnjẹ tó lè bọ́ odidi ìjọ, àga kan sì ṣófo. Ìyàwó rẹ̀ bu ọbẹ̀ pupa náà sórí àwo fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akínlabí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ rẹ ọkùnrin ń bọ̀ láti ìlú Galway lónìí, ọmọ tí ìwọ àti òun kò bára yín sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti ní òun kò kẹ́kọ̀ọ́ dókítà mọ́. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé ẹran ewúrẹ́ tó wà nínú firísà kò tó, o fẹ́ lọ rà kún un. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ọmọ rẹ ló ń bà ọ́, o sì fẹ́ wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran nígbà tó bá wọlé. Ẹran kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, o ní o ò mọ ohun tí o máa sọ fún un. Sọ pé, "Káàbọ̀." Ìyókù yóò tẹ̀lé e.

Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ibùdókọ̀ ni kí o wà á lọ, má yà síbì kankan. Mo ní kí o jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ó yá, dìde, bọ́ọ̀sì Galway ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.