Ohùn Bàbá Ajéìgbé àti Àpótí Tó Kú

Láyé tí ohùn èèyàn ti di ohun tí à ń kó sínú àpótí, obìnrin kan wà ní Ìgbájọ tí ń jẹ́ Fadérera. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀. Bí arúgbó kan bá rí i pé ọjọ́ ń lọ, tó sì ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kó bá òun wọlẹ̀, Fadérera ni wọ́n ń pè. Á gba ohùn onítọ̀hún sílẹ̀, á kó o sínú háàdì, àpótí pẹlẹbẹ kan tí ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, á sì pa ẹnu mọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un yóò fi pé. Gbogbo ìlú ló fọkàn tán an.

Bàbá Ajéìgbé wà lára wọn. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ní: "Fadérera, Ṣọlápé kì í ṣe ọmọ bíbí inú wa. Ẹ̀bá odò la ti rí i he lọ́dún tí omi ya wọ̀lú. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó gbọ́ ọ nígbà tí òun ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ tí a bá sin ìyá rẹ̀ tán, kí o pe ọmọ náà, kí o rọra sọ fún un." Fadérera kúnlẹ̀, ó búra.

Ọdún kẹta tí wọ́n sin bàbá ni háàdì náà dákú. Fadérera tì í bọ kọ̀ǹpútà títí, kò mí. Ó ní ẹ̀dà àwọn ohùn náà níbòmíràn, nítorí náà kò bara jẹ́. Ó gbé ọmọ odó kó fọ́ àpótí náà túútúú, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi bó ṣe rántí pé gàràńtì rẹ̀ kò tíì tán. Ó sọ ọmọ odó sílẹ̀, ó wọkọ̀ lọ Òṣogbo.

"Ẹ má tú u o, Màmá," ni Jímọ̀, ẹni tó tà á fún un, wí. "Bí ẹ bá já èdìdì ìdí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gàràńtì lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ á gba èyí, wọ́n á fún yín ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ohùn àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Jímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti kú, Màmá. Ṣé òkú ń rojọ́ ni?"

Ọkàn kan ní kó gbé e padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ dùn, ẹ má tàn mí jẹ. Ó gbé e fún un.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, Fadérera ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lódìkejì ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú àwo. Ó mọ ikọ́ náà.

"Fadérera," ni òkú wí.

Kí ó tó dìde, ikọ́ náà tún dún nílé onígbàjámọ̀, ó tún dún ní ìsọ̀ télọ̀ níwájú. Ikọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀. Jákèjádò àdúgbò, òkú nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Yéè, mo gbé!" Ó sáré já síta. Ìyá Ràfíù, aládùúgbò rẹ̀, na fóònù sí i. "Wásáàpù ni wọ́n fi ránṣẹ́ o, Màmá. Ṣé kì í ṣe Bàbá Ajéìgbé nìyí?"

Lábẹ́ ohùn náà, ẹnìkan kọ ọ́ láti Ìbàdàn pé: "Ilé iṣẹ́ fún mi ní háàdì tí wọ́n tún ṣe, kí n fi rọ́pò tèmi tó bàjẹ́. Inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bàbá yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ẹbí rẹ̀." Àánú ló ṣe onítọ̀hún, kò mọ ohun tó dá sílẹ̀.

Fadérera kò wá bàtà. Ó ń sáré lọ sílé Ajéìgbé, ohùn náà ń ṣáájú rẹ̀ láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé. Nígbà tó wọlé, Ṣọlápé jókòó sílẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ìyá arúgbó náà kò wo ọmọ. Fadérera ló tẹjú mọ́.

"Fadérera," ó ní, "o ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kú ná."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ohun tó kú lọ́wọ́ ẹni lè jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.