Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Kì Í Mu Epo

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fà mọ́ mi. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí àpáta. Orí Ìjàpá ló bà lé, níbi tó dá jókòó sí nínú ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò rìn.

Yánníbo, aya Ìjàpá, bínú kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò, ọ̀nà jíjìn. Ilé wá dá páropáro. Bí Ìjàpá bá sín, kò sẹ́ni tí yóò kí i. Ọ̀jẹun paraku ni, síbẹ̀ ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó ní òun yóò fi ẹ̀yẹ lọ mú aya òun wálé, ó sì ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀. Ó wá ọkọ̀ oníbátìrì kan rí, tó ń fi iná mànàmáná rìn. Iná oòrùn tó wà lórí òrùlé ilé rẹ̀ ló fi ń ṣáàjì í.

Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹranko máa wá bẹ òun fún ọkọ̀. Ló bá lọ bá Ìgalà, awakọ̀ akẹ́rù.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti gbọ́? Epo ìlú yìí ti bàjẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ńjìnnì bí ikán ṣe ń jẹ igi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Tètè dà á nù!"

Ìgalà da epo rẹ̀ nù. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó dún nílùú mọ́.

Ìjàpá wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó kọrí sí Ìsàlẹ̀-Odò. Ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, kò pariwo, kò rú èéfín. Nígbà tó ń gun òkè láàárín igbó, agbára bátìrì tán. Ọkọ̀ dúró gbọnin. Kò sí òpó iná, kò sí wáyà. Ìjàpá figbe orin ta:

Yánníbo, mo ń bọ̀ o,
*Jánńjálá!*
Ọkọ̀ mi kọ̀, kò rìn o,
*Jánńjálá!*

Ẹ̀yin lẹ gbè é fún mi. Nínú igbó yẹn, kò sẹ́ni tó gbe orin fún Ìjàpá.

Nígbà tó yá, Ìgalà ń bọ̀ lẹ́sẹ̀, ẹrù lórí.

"Ìgalà, gbà mí! Lọ gbé ọkọ̀ rẹ wá, kó wọ́ mi débi tí iná wà."

"Kí ni n ó fi gbé e wá? Epo tí o ní kí n dà nù ni?"

Ìjàpá fa orí bọ inú ìkarahun.

"Ọkọ̀ rẹ dára," ni Ìgalà wí, "ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti jẹun kò tíì sí lójú ọ̀nà. Òjò ṣú, kò tíì rọ̀, o ní ká da omi inú àmù nù." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn títí ó fi dé Ìsàlẹ̀-Odò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Yánníbo dà?"

Bàbá mi orí. "Ó gbọ́ pé o ń bọ̀, ó di ẹrù, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà títí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò kọjá. Ó ní o kò fẹ́ òun mọ́. Ó ti bá inú igbó lọ, a kò mọ ibi tó gbà."

Ìjàpá kò jókòó, kò mumi. Ó yí padà, ó wọgbó.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ fi ń rí ahun tó ń dá rìn nínú igbó, tó ń rọra wọ́ ẹsẹ̀, tó ń na ọrùn wo ọ̀tún, wo òsì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wá.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi yadi. Bí n kò bá purọ́, ẹ gbọ́ ọ bó ti ń dún: pó, pó, pó!