Ìtàn Bí Bàbá Bàbá Ìjàpá Ṣe Fi Ìgbákọ Gbẹ́ Odò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi lúwẹ̀ẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kò rì, kò gbé, orí Pẹ́pẹ́yẹ ló gúnlẹ̀ sí, ó sì ta bá Ìjàpá ahun.

Ní ìgbà kan rí, wọ́n lé Pẹ́pẹ́yẹ kúrò níbi tó ti ń sàba. Ẹyin méje ni. Méjì fọ́ sójú ọ̀nà. Kò jalè, kò bú ọba. Wọ́n ní ìtàn ló lé e.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Àwọn ẹranko ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kórè tán, gbogbo ìdílé á pé sí ààfin Kìnnìún. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe láyé àtijọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Bó ti ń sọ ọ́ ni àwọn àgbà á máa jẹ obì. Bí obì bá tán lẹ́nu wọn tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn, ìtàn náà ti jókòó nìyẹn, ó ti di òótọ́. Kò sẹ́ni tó tún lè yí i padà, títí kan ẹni tó sọ ọ́. Báyìí ni Ìgalà ṣe di ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ sín láyé. Báyìí ni Òkété ṣe sọ pé baba àwọn ló kọ́ òkùnkùn ní bí a ṣe ń dúdú. Wọ́n gbà á fún un.

Ìjàpá wò wọ́n, ó yínmú. "Ìtàn tí kò lè gbé iṣu wálé," ó ní, "ariwo lásán ni."

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, agbọ̀n obì kan ló gbé wọ ààfin. Ó ń pín in kiri.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má tijú. Ẹ mú mẹ́ta, ẹ mú mẹ́rin. Obì ọ̀fẹ́ kì í korò."

Àwọn àgbà rọ́ obì sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Ìgbà náà ni Ìjàpá dìde.

"Kábíyèsí, odò tí à ń mu yìí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Ìgbákọ ló sì fi gbẹ́ ẹ. Ìgbákọ ọ̀hún kò tilẹ̀ ní èèkù."

"Mmm?" ni Ẹfọ̀n wí. Obì kò jẹ́ kó la ẹnu.

"Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ̀yin náà rántí. Nígbà yẹn, orí ilẹ̀ ni ẹja ń rìn, tọ̀pá tọ̀pá. Bàbá bàbá mi ló kọ́ wọn ní bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nítorí náà, èmi ni mo lodò, èmi ni mo letí odò. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi, kó mú iṣu kan dání."

Obì tán. Kìnnìún nu ẹnu.

"Ìtàn ti jókòó," ó ní.

Níbo ni Pẹ́pẹ́yẹ wà? Ó ń sàba létí odò. Ta ni yóò fi ẹyin méje sílẹ̀ lọ gbọ́ irọ́?

Ní ọjọ́ kejì, Ìjàpá dé pẹ̀lú Ẹfọ̀n tí Kìnnìún ní kó tẹ̀ lé e.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ dìde o, ilẹ̀ bàbá bàbá mi lẹ wà."

"Bàbá bàbá rẹ wo? Ṣé èyí tó kórí bọ ìkòkò ọbẹ̀ nílé àna rẹ̀ ni, àbí òmíràn wà?"

"Ìtàn ti jókòó, ìyá."

"Kó dìde! Ibí ni ìyá mi sàba sí. Ibí ni ìyá ìyá mi sàba sí."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láàfin?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ṣebí mo ń sàba!"

Ẹfọ̀n ń wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Obì ló wà lẹ́nu mi." Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ìwo tì í.

Pẹ́pẹ́yẹ kó ẹyin sábẹ́ apá, ó ń gun òkè lọ síbi ọ̀gán kan. Ojú ọ̀nà ni méjì ti bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀, wọ́n fọ́. Ó gba ààfin lọ, ó ké. Kìnnìún ní, "O pẹ́ dé."

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Iṣu kún ilé rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ń sùn síta, nítorí iṣu ti gba ẹní. Kò tó o. Ó tún pàṣẹ pé ẹni tó bá wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, kó gbé ẹ̀wà wá.

Òjò wá dé. Ọjọ́ mẹ́jọ, kò dá. Odò kúrò láyè rẹ̀. Ó wọ ihò Òkété, ó gbé abà Ẹfọ̀n lọ tòun ti iṣu, ó sì wọ ààfin láìkúnlẹ̀. Kìnnìún dúró lórí ìtẹ́, ó fi ọwọ́ gbé ìrù rẹ̀ sókè kó má baà tutù. Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń kọrin:

*Ìjàpá, wá mú odò rẹ o,*
*Ó ń ṣàn wàà!*
*Ó ti wọlé ọba láìkí ọba,*
*Ó ń ṣàn wàà!*
*Ó ti jẹ iṣu Ẹfọ̀n láìbu iyọ̀ sí i,*
*Ó ń ṣàn wàà!*

"Kábíyèsí," ó ní, "mo wá tọrọ àforíjì. Òótọ́ ni ìtàn Ìjàpá. Òun ló lodò. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu oníṣu, ṣé ewúrẹ́ là ń pè lẹ́jọ́, àbí ẹni tó ni ín? Ẹ ní kó wá kó odò rẹ̀ kúrò nínú yàrá yín."

Gbogbo ààfin yíjú sí Ìjàpá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn bò ó nínú òjò.

"Kábíyèsí, irọ́ ni mo pa! Bàbá bàbá mi kò gbẹ́ odò. Kò gbẹ́ nǹkankan rí. Ọ̀lẹ paraku ni!"

Kìnnìún bú ramúramù. "Má bú baba ńlá rẹ níṣojú mi! Ẹni ńlá ni. Ìtàn ti jókòó."

Ẹfọ̀n na ìgbákọ sí i. "Gbà. Mo ti bá ọ yọ èèkù rẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ìjàpá fi gbọ́n odò. Bó ti ń gbọ́n ọn ni àwọn tí omi gbé abà wọn ń kó iṣu nílé rẹ̀, wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Nígbà tó yá, òjò dá, odò fà fúnra rẹ̀. Kìnnìún wo Ìjàpá tìyanu-tìyanu. "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́! Ọdọọdún ni wàá máa bá wa gbọ́n ọn." Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ìjàpá sá wọ igbó. Títí dòní, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ta ni, á fa orí wọ inú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi irọ́ gba ogún, yóò ru ẹrù tó wà nídìí ogún náà. Àgbà tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń yí ìtàn, òun náà wà lára àwọn tó yí i.

Bí Ìjàpá ti sá lọ, wọ́n dá etí odò padà fún Pẹ́pẹ́yẹ. Kò dúpẹ́. Ó kó àwọn ọmọ tó pa níbi ọ̀gán lọ síwájú Kìnnìún àti àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ kà wọ́n. Márùn-ún ni. Méje ni mo yé. Ta ni yóò dá mi lóhùn lórí méjì yòókù?" Kìnnìún wo àjà. Àwọn àgbà ń họ etí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síbí yìí, ó ṣì dúró síbẹ̀. Ẹ dá a lóhùn!