Búrẹ́dì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, oúnjẹ kankan kò wù ú jẹ mọ́, àfi búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n máa ń yan nílé bàbá rẹ̀. Àyìnkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lọ tọrọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Arówólò, aládùúgbò wọn. Ó gún un, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, ó dà á sínú ìkòkò irin, ó sì kó ẹyin iná sábẹ́ ìkòkò àti sórí ìdérí. Àmọ́ ìdí rẹ̀ jóná, gbogbo rẹ̀ sì korò. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àyìnkẹ́ wé gèlè, ó fẹ́ lọ dúpẹ́ oore àná. Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Èédú lo fẹ́ lọ dúpẹ́ rẹ̀?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fún mi, olówó orí mi. Èmi ni mo sọ ọ́ di èédú."

Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Arówólò, ó dúpẹ́, ó sì sọ bó ṣe jẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sídìí ìkòkò! Dìde jàre. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà."

Ó gé ewé tútù fún un, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn lé e.

Lọ́jọ́ náà, ìtasánsán búrẹ́dì gba gbogbo ilé. Ìyá Àgbà jẹ, ó tún bèèrè sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Àyìnkẹ́ ṣe fẹ́ jáde, ó gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti yàrá:

"Ìyàwó mi, dúró dè mí. Bá mi mú ọ̀pá mi wá. Ẹnu tó jẹ ẹ́ ló yẹ kó lọ dúpẹ́."