Orí Àwọn Ọmọ Àwẹ̀ró

Ní ìlú Ìdó-Asà, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, opó ọdẹ. Ẹfọ̀n ló ṣe ọkọ rẹ̀ léṣe. Wọ́n fún un ní àgbo ewé gẹgẹmu kí ó lè fara da ìrora. Egbò jinná, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lè fi àgbo sílẹ̀ mọ́. Ó ta ìbọn, ó ta ajá, ó sì kú sí ẹ̀bá oko olóko níbi tí ó ti ń wá ewé. Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ gẹgẹmu nínú ilé òun.

Ọmọkùnrin méjì ni ọkọ náà fi sílẹ̀. Láńpèjọ ni ẹ̀gbọ́n, àgbẹ̀ ni, alágídí tí ìjà kì í jìnnà sí. Ọdẹ́rìndé ni àbúrò, ahunṣọ ni, jẹ́jẹ́ ni í sọ̀rọ̀. Bí àwọn òbí bá ń bá ọmọ wọn wí, òun ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún kan, àwọn ọkùnrin ìlú ń mọ odi. Òjò ti rin amọ̀ gbingbin, odi sì ya lu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ lára wọn méjèèjì. Bàbá Ajéigbé tí ń to eegun dé, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó mi orí.

“Àwẹ̀ró, n kò lè to eegun yìí láìfún wọn ní gẹgẹmu.”

“Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

“Ìrora rẹ̀ lè pa wọ́n. Gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti fún ní àgbo yìí tí eegun wọn so, tí wọn kò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Àwọn díẹ̀ ni kò lè padà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni kò ní lè padà?”



Ni Àwẹ̀ró bá ránṣẹ́ pe Fádèyí onígbàjámọ̀. Kò sí orí tí ọkùnrin yìí kò tíì fá ní Ìdó-Asà, ó sì máa ń sọ pé bí òun bá ti fọwọ́ kan orí, òun ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lóde òní, àwọn dókítà ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n fi ń wo àwọn ibi tí ń gba adùn wọlé nínú rẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé ibẹ̀ kò pọ̀ bákan náà lórí gbogbo ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ara ohun tí oògùn olóró fi ń tètè mú ẹnìkan ju ẹnì kejì lọ. Ìka Fádèyí ni ẹ̀rọ tí Àwẹ̀ró ní.

Ó fá orí méjèèjì kodoro. Ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó dé ìpàkọ́ Láńpèjọ, ó dúró.

“Ó wú níbí. Ẹ fọwọ́ kàn án, ìyá. Èyí ni àgbo máa mú.” Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí Ọdẹ́rìndé. “Èyí dán bí ẹyin. Ẹ fún un, kò séwu.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọdẹ́rìndé mu àgbo, ó sùn lọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló di Láńpèjọ mú. Igbe rẹ̀ dé ọ̀nà odò.

Eegun so. Láńpèjọ padà sí oko, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé kò padà sídìí òfì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ẹsẹ̀ ṣì ń dun òun. Nígbà tó yá, kò wá àwáwí mọ́. Ó tú aṣọ oníbàárà tí kò tíì hun tán, ó fi òwú rẹ̀ gba ewé. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, ọjọ́ mìíràn kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ títí, ó tì í mọ́lé. Ọmọ tí kì í gbé ohùn sókè ti ìyá rẹ̀ ṣubú, ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ kan, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni wọ́n ní orí yín wú. Ká ní ẹ̀yin lẹ mu ún ńkọ́?”

Láńpèjọ dá a lóhùn. “Mo mu ún. Ní ọjọ́ kẹta, àánú mi ṣe Bàbá Ajéigbé, ó sì ń fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Bí o ṣe mu ún ni èmi náà ṣe mu ún.”

Àwẹ̀ró tí ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà dáwọ́ dúró.

“Báwo lẹ ṣe wá fi í sílẹ̀?” ni Ọdẹ́rìndé bèèrè.

“N kò ṣe nǹkan kan. Òòyì ló kàn ń kọ́ mi. Nígbà tí ẹsẹ̀ san, mo gbàgbé rẹ̀.”

“Ẹ gbàgbé rẹ̀,” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ń pè mí.”

Ó fọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó tiro jáde. Ó ti sú wọn láti máa dá a dúró. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀ ní àbàtà, ó dojú délẹ̀ nínú omi tí kò dé orúnkún.

Fádèyí wá, ó dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo fọwọ́ kan orí ọmọ náà, n kò rí nǹkan kan.”

Àwẹ̀ró kò bú u. “Èmi tí mo bí i, tí mo wẹ orí yẹn láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀, èmi náà kò rí i. Kò wú. Kò sí ibi tó ti wú.”

Ohun tí ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i nìyẹn, títí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí ẹni tí ewé ti mú ní Ìdó-Asà, wọn kì í sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ẹnu ìyá yìí ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi ń pa á lówe pé orí burúkú kì í wú tuulu.