Òkété àti Ewé Tí Kì Í Rọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò bà lé ọ̀pẹ, kò bà lé àràbà, inú ihò ló kó sí. Ihò ta ni? Ihò Òkété, ẹlẹ́kọ ìlú ẹranko.

Ní ìgbà kan rí, kò sí ẹni tó ń se ẹ̀kọ bíi ti Òkété. Ẹ̀kọ náà a dán, a máa gbọ̀n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ewé eéran ló fi ń pọ́n ọn. Bí àwọn oníbàárà bá jẹun tán, wọn a ju ewé sílẹ̀, Ewúrẹ́ a sì fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Òun ni agbálẹ̀ ọjà. Eyín rẹ̀ ni ìgbálẹ̀. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe tò ó nìyẹn, kò sì sí ohun tó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n etí odò tí ewé wà jìn, ẹsẹ̀ Òkété kúrú. Ìwọ̀nba ewé tó bá rí já ni ẹ̀kọ tó lè tà. Àwọn ará òkè odò sì ń pariwo pé àwọn náà fẹ́ jẹ. Òkété ní, "Èmi tí ìrù mi gùn tó báyìí, ṣé ọjà kan ṣoṣo ni n ó máa ná?"

Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹ̀bá títì àwọn ọmọ aráyé. Ó rí ọ̀rá tí wọ́n jù sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Olúwa, o ṣeun! Mánà rèé!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojúkòkòrò kì í wá ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tì.

Ó kó ọ̀rá délé, ó fọ̀ ọ́, ó fi pọ́n ẹ̀kọ. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó fa imú sẹ́yìn.

"Bàbá Ẹlẹ́kọ, ewé wo rèé?"

"Ewé tí kì í rọ."

"Ṣé ó ń hù?"

"Kí ló fẹ́ hù fún? Ilẹ̀ kún fún un."

"Ta ló máa wá jẹ ẹ́?"

Òkété bú sẹ́rìn-ín. "Onírùngbọ̀n, ikùn rẹ lò ń rò. Ìdàgbàsókè ìlú lèmi ń rò."

Òwò gbòòrò lóòótọ́. Òkè odò ń jẹ, ìsàlẹ̀ odò ń jẹ. Òkété gbẹ́ pálọ̀ mọ́ ihò rẹ̀. Ewúrẹ́ tọ́ ọ̀rá wò lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ wú bí ìlù. Kò tún sún mọ́ ọn mọ́. Ọ̀rá wá kún ọjà, ó kún gọ́tà, ó ń dí ẹnu ihò kiri. Òkété rí i. Ó ní, "Ẹnu ihò ẹlòmíràn ni."

Òjò dé lọ́sàn-án gangan. Àgbàrá gba iwájú wọ ilé Òkété. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, àwọn ọmọ ń sunkún.

"Ẹ má fòyà," ni Òkété wí. "Òkété wo ni kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ẹ tẹ̀ lé mi!"

Ó fi orí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò ṣí. Ó fi imú kàn án. Òórùn ẹ̀kọ ló ń rùn. Ẹ̀kọ tirẹ̀!

"Bàbá ọmọ mi, kí ló dí ọ̀nà?"

"Ìdàgbàsókè ni."

Eyín tó ń fọ́ èkùrọ́ kò rí ọ̀rá gé. Ó ń fà, kò já. Omi ti mu àwọn ọmọ dé àyà. Òkété bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ bá mi gbè é:

Ewúrẹ́ ìyá, wá gbà mí o,
*Ṣéréwélé!*
Ọgbọ́n tí mo gbọ́n ti sé mi mọ́lé,
*Ṣéréwélé!*
Ọmọ mi ń mumi, kì í ṣe òùngbẹ,
*Ṣéréwélé!*

Ewúrẹ́ gbọ́, ó dúró lókè. "Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Òmùgọ̀ ni."

"Èwo nínú wọn? Wọ́n pọ̀ nílùú yìí."

"Èyí tó gbọ́n jù."

"Háà, Bàbá Ẹlẹ́kọ! Ẹ kú ìdàgbàsókè o!"

"Ìyá mi, ẹ bú mi tó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ọmọ!"

Ewúrẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ, ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìwo kọ́ ọ̀rá, ó fà, ó ṣubú, ó dìde, ó tún fà. Ọ̀nà là. Àwọn ọmọ jáde, ìyá wọn jáde, Òkété jáde gbẹ̀yìn, ọ̀rá kan lẹ̀ mọ́ ọn lórí bíi fìlà. Ìkòkò ẹ̀kọ bá omi lọ, pálọ̀ wó.

Òkété wo ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Ẹ wò mí o! Mo pọ́n ẹ̀kọ, pọ́n ẹ̀kọ, ó kù díẹ̀ kí n pọ́n ọmọ mi sínú rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, òun àtìyàwó rẹ̀ kó ọ̀rá nílẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Wọ́n gbin ewé eéran sí etí ihò wọn. Ará òkè odò tó bá fẹ́ ẹ̀kọ, kó gbé igbá tirẹ̀ wá. Òwò náà ń dàgbà, ṣùgbọ́n bí ewé ṣe ń hù ló ń dàgbà. Títí dòní, Òkété kì í sùn kó má kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kí òwò gbèrú, kò burú, Olúwa fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa lérè. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà bi ara rẹ̀ léèrè: bí wọ́n bá jẹun tán, ibo lohun tí mo fi dì í máa gbà lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi Òkété rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká rọra rín in. Ilé ta ni kò sí ọ̀rá?